Káàdì Keje ní Ilé Kẹta

Ta ni ó gbé àrùn wọ Ilé Kẹta?

Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà náà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ìdáhùn rẹ̀, àfi ọ̀gá wọn, ẹni tí ìbínú ti bá a dáhùn. Ilé gíláàsì mẹ́rin ló wà nínú ọgbà tòmátì ọ̀hún. Mẹ́ta tutù yọ̀yọ̀. Ilé Kẹta nìkan ni àjálù dé bá, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni wọ́n dáàbò bò jù lọ. Ojú àwọ̀n fèrèsé rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín pàápàá yóò ronú kó tó gba ibẹ̀ kọjá. Ìlẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, a kì í ṣí èkejì kí èkínní tó tì. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló sì wà fún un: ọ̀kan wà lọ́rùn ọ̀gá, èkejì wà lápò ìyàwó rẹ̀. Ẹgbẹ̀ta igi tòmátì ló wà nínú ilé náà, ìran tó yẹ kó parí iṣẹ́ wíwá irú tòmátì tuntun tí ọ̀gá ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn wó lulẹ̀.

Ọ̀gá ní ọkọ ọmọ òun ló ṣe é. Ọkùnrin náà, káfíńtà ni, ti sun oorun ọjọ́ méjì ní àtìmọ́lé. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ilé ẹjọ́ ló kàn.

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́, Awòfín ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí awò kékeré tó máa ń fi okùn dúdú kọ́ ọrùn, tó sì ń fi wo ohun gbogbo fínnífínní, títí kan ẹran inú ọbẹ̀ wọn. Kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn irúgbìn ní yunifásítì, ẹni tó sì kọ́ ọ ni ọ̀gá ọgbà yìí gan-an, Bàbá Onítòmátì, nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ Awòfín fi wúwo láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ti ń tẹ̀ lé ọkùnrin tó ti di arúgbó láàárín oṣù mẹ́rin péré. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí bàbá náà bí kú. Mọ́tò ló gbókìtì. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà yìí, ló ń wa mọ́tò náà. Ara rẹ̀ kàn bó díẹ̀ ni.

“Májèlé ni,” Sájẹ́ǹtì wí, bí wọ́n ti wọlé. Àgbà ọlọ́pàá tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ku oṣù méjì ni, kò sì fẹ́ kí ẹjọ́ kankan gùn ju oṣù méjì ọ̀hún lọ. “Mo ti rí májèlé láyé mi. Bó ṣe máa ń rí nìyí.”

“Lára ewé?”

“Lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n ewé náà ṣáà ní ẹ̀mí.”

Awòfín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi awò rẹ̀ wo ewé kan tó ti rọ. Àmì òrùka ló wà lára rẹ̀, òrùka nínú òrùka, ó pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí ẹyin ẹyẹ tó fọ́.

“Májèlé kì í ya òrùka, Sájẹ́ǹtì. Ńṣe ló máa ń jó ewé láti etí, bí iná ṣe ń jó bébà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń ya òrùka. Fáírọ́ọ̀sì kò sì lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn. Ẹ̀yìn kòkòrò ló ń gùn kiri.”

“Kòkòrò wo?”

Ó gbọn òdòdó tòmátì kan sórí bébà funfun. Nǹkan mẹ́ta já bọ́, wọ́n tín-ín-rín bí ìdajì irun ìpéǹpéjú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Sájẹ́ǹtì fojú súnmọ́ bébà náà. “Èyí? Èyí ló da ẹgbẹ̀ta tòmátì dùbúlẹ̀? Ó yẹ kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Òun náà kò ga.”

Bàbá Onítòmátì kò rẹ́rìn-ín. “Sọ ìyókù fún un,” ó wí fún Awòfín. “Mo kọ́ ọ dáadáa.”

“Ẹ kọ́ mi dáadáa, Ọ̀gá. Kòkòrò yìí kò lè gbé àrùn náà àfi tó bá mu omi ara igi aláìsàn nígbà tó ṣì wà ní ọmọ tuntun. Èyí tó bá ti dàgbà kó tó kàn án, títí ayé ni yóò máa jẹ ẹ́ láìrí nǹkan kan tàn ká. Láti ẹyin dé ìgbà tí yóò ní ìyẹ́, tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.”

“Ẹ̀kọ́ rẹ pé. Nígbà náà, o mọ̀ pé inú àpò ni káfíńtà yẹn kó àwọn tó ti gbó pẹ̀lú àrùn lára sí wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí i. Ó jí kọ́kọ́rọ́ lápò ìyàwó mi, ó gbé àpò wọlé, ọjọ́ kẹjọ ni ilé dàrú.” Bàbá náà fọwọ́ kan igi tòmátì kan tó ti rọ. “Ó pa ọmọ mi, kò tó o. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi náà kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.”

Awòfín rìn lọ sí igun òkè, níbi tí páìpù omi gbígbóná gbà wọlé. Ohun tó rí níbẹ̀ dá a dúró. Àwọn tòmátì ẹnu ọ̀nà ti ga dé àyà kí wọ́n tó rọ. Ti igun yìí kò kọjá orúnkún. Wọ́n ti dẹ́kun dídàgbà tipẹ́tipẹ́, ó kéré tán oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò wọlé. Lábẹ́ pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, eruku bo sìmẹ́ńtì, àfi ojú kan tó mọ́ róbótó bí ìdí ìkòkò.

Ó gbójú sókè. Káàdì aláwọ̀ búlúù méjìlá ni wọ́n fi kọ́ sókè ilé náà, wọ́n fi àtè pa wọ́n lójú kí kòkòrò tó bá ń fò kiri lè lẹ̀ mọ́ ọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn. Mọ́kànlá ti ṣú fún eruku. Káàdì keje, tó wà lókè ojú róbótó yẹn gan-an, ń dán gbinrin bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde nínú páálí.

*

“Ọwọ́ wo ló fi gbé àpò náà?” Awòfín bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

“Mà?”

“Nígbà tí Káfíńtà ń wọlé.”

Ẹ̀ṣọ́ náà ronú. “Abẹ́ apá ló há a mọ́. Ó ká a bí ẹní.”

“Nígbà tó ń jáde ńkọ́?”

“Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, Mà. Ó rọra ń rìn bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.” Ó fọwọ́ lé orí. “Áà! Nígbà náà, kì í ṣe pé ó gbé nǹkan wọlé…”

“Ó gbé nǹkan jáde. Nígbà tí wọ́n bi yín léèrè, ẹ ò sọ èyí?”

“Ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé ó gbé àpò. Mo ní ó gbé àpò. Wọn ò bi mí bóyá àpò gbé nǹkan.”

Sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́yìn wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

“Ọmọ ọ̀gá tó kú,” Awòfín tún bi í, “ṣé ó máa ń wá síbí?”

Ojú ẹ̀ṣọ́ náà yí padà. “Ọjọ́ ìsinmi gbogbo. Ọgbà òdòdó tó wà lẹ́yìn òkè yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Òfin Bàbá sì ni pé òdòdó kò gbọdọ̀ wọ ọgbà tòmátì, torí ohun tó bá ń ṣe òdòdó, kò níí pẹ́ ṣe tòmátì. Ọmọ yẹn ò rú òfin náà rí. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Ẹ̀yìn wáyà yìí ni yóò dúró sí, yóò gbé òdòdó tó mú wá sókè. Màmá yóò máa wò ó láti inú. Wọn á ní, ‘Ó dára, ọmọ mi. Ó dára gan-an. Gbé e padà.’ Ló bá máa gbé e fún mi. Ilé mi kún fún òdòdó títí ìyàwó mi fi gbà pé mo ní àlè.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí a ò lódòdó mọ́.”

*

Màmá, ìyàwó ọ̀gá, ló ń ka kòkòrò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọgbà náà sílẹ̀: ní ọjọ́ Ẹtì, yóò mú awò rẹ̀, yóò ka ohun tó lẹ̀ mọ́ káàdì kọ̀ọ̀kan, yóò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Inú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń kà á ni Awòfín bá a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ìwé náà bí ẹni fọwọ́ lé orí ọmọ.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Mo bá yín kẹ́dùn. Mi ò lè wá sí ìsìnkú.”

“Mo rí lẹ́tà rẹ. O ṣé, ọmọ mi.”

“Màmá, ṣé Káfíńtà jí kọ́kọ́rọ́ yín?”

Obìnrin náà wo ojú fèrèsé. “Bàbá ní ó jí i.”

“Mo mọ ohun tí Bàbá wí.”

Awòfín fa ìwé náà mọ́ra jẹ́jẹ́, ó ṣí i. Lábẹ́ káàdì keje, ó rí méjì, lẹ́yìn náà márùn-ún, mẹ́rìnlá, mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn mọ́kànlélógójì, òdo. Ọ̀kan. Òdo.

“Ohun tó wà níbí, Màmá, ṣé òótọ́ ni?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin náà wò ó lójú tààrà. Ìgbéraga díẹ̀ wà lójú ọ̀hún, ìbànújẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀. “Mi ò kọ irọ́ rí sínú ìwé yìí. Iye tí mo bá kà ni mo máa ń kọ.”

Awòfín gbà á gbọ́. Ohun tó dùn ún nìyẹn. Ẹlòmíràn tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ ì bá kọ òdo níbi tí mọ́kànlélógójì wà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ irọ́, ńṣe ni yóò pààrọ̀ káàdì ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí òdo tó fẹ́ kọ lè jẹ́ òdo lóòótọ́. Ìwà òdodo ló tú àṣírí.

*

“Kí lo gbé jáde ní Ilé Kẹta?” Ọ̀sán ti pọ́n, wọ́n ti dé àgọ́ ọlọ́pàá. Káfíńtà jókòó sórí àga onígi, ó ń fi ìka tọ ibi tí igi náà ti là.

“Mi ò gbé nǹkan kan jáde, Mà.”

“Ìdí rẹ̀ rí róbótó. Ó ti wà lábẹ́ pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, tó oṣù mẹ́ta.”

Ìka rẹ̀ dúró. Nígbà tó gbójú sókè, ohùn mìíràn ló fi sọ̀rọ̀. “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Èmi ni. Èmi ni mo kó kòkòrò wọlé. Ẹ mú bírò wá kí n kọ ọ́.”

Sájẹ́ǹtì ti na ọwọ́ sí bírò.

“Mélòó lo kó?” Awòfín bi í.

“Wọ́n pọ̀.”

“Báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?”

Ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n. Ohun tó wọ̀n tó aáyán.

Sájẹ́ǹtì rọra gbé bírò padà sílẹ̀. “Ọ̀rẹ́ mi,” ó wí, “èmi tí n kò mọ nǹkan kan pàápàá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀.”

“Ta lo ń gbẹ̀wọ̀n fún?” ni Awòfín bi í.

Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ibi tí igi àga là. “Mà, èmi ni mo wa mọ́tò yẹn. Mo ti gba ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí n tún gba ohun tó kù fún wọn.”

*

Inú balùwẹ̀ ilé káfíńtà ni wọ́n ti rí i. Àwọ̀n ẹ̀fọn ló fi bò ó, ó sì fi okùn dì í lójú mẹ́ta bí ẹni di ẹrù ìrìn àjò, kí ohunkóhun má baà jáde. Nínú rẹ̀ ni ìkòkò òdòdó dáhílíà kan wà, irú òdòdó tó ń ta iṣu kéékèèké sábẹ́ ilẹ̀. Òdòdó kan ṣoṣo ló ṣì wà lórí rẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Lára ewé ìsàlẹ̀, bí ènìyàn bá tẹ́ awò sí i, òrùka nínú òrùka.

Awòfín já ewé kan, ó tẹ̀ ẹ́ nínú omi, ó sì ti bébà ìdánwò bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí ìlà méjì fi yọ.

“Ó dà bí ti oyún,” Sájẹ́ǹtì wí.

“Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ nìyí.”

Igi pẹlẹbẹ kan wà nínú erùpẹ̀ ìkòkò náà, bí èyí tí àwọn olùtọ́jú òdòdó fi ń kọ orúkọ irúgbìn. Awòfín nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n kọ, lẹ́tà obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá: *Ti Màmá.*

Ó fà á yọ, ó fi í sínú àpò kóòtù rẹ̀. Sájẹ́ǹtì rí i.

“Ẹ̀rí nìyẹn, Mà. Ẹjọ́ ti parí.”

“Ó ti parí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n n kò ní mú un jáde, àyàfi tí ó bá di dandan. Òótọ́ tí a bá fi tipá fà yọ lẹ́nu ènìyàn kì í wo ọgbẹ́.”

*

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn márùn-ún pé sínú yàrá tí wọ́n ti ń ka kòkòrò: Bàbá lórí àga, Màmá nídìí ìwé rẹ̀, Káfíńtà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn pẹ̀lú Sájẹ́ǹtì, Awòfín láàárín.

“Kí lo ń mú ẹni yìí wá sínú ilé mi fún?” Bàbá bi í.

“Ẹ ní sùúrù fún mi, Ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ yín ni mo fẹ́ kà padà. Ẹ máa ń sọ fún wa pé kí a má bi ènìyàn léèrè kí a tó bi igi. Mo bi àwọn tòmátì ìdí páìpù. Orúnkún ni wọ́n ga dé. Àwọn ti ẹnu ọ̀nà dé àyà. Ìgbà wo ni àwọn ti ìdí páìpù ti dẹ́kun dídàgbà?”

Ètè bàbá náà mì. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ rí i bó ti ń ṣírò rẹ̀ láìfẹ́. “Oṣù kan àtààbọ̀ sẹ́yìn,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Ó lé díẹ̀.”

“Ìgbà wo ni Káfíńtà gbé àpò wọlé?”

“Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn.”

“Òfìfo ni àpò náà nígbà tó ń wọlé. Ẹ̀ṣọ́ rí i. Nígbà tó ń jáde ló wúwo. Àrùn ti wà nínú ilé kó tó dé. Ìkòkò òdòdó ló wá gbé kúrò. Láti ìdí páìpù ni ọmọ kòkòrò ti ń mu omi ara òdòdó aláìsàn yẹn, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń fò sórí tòmátì, ìran kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Òtútù ìta ì bá ti jẹ́ kí òdòdó náà rà. Ẹnì kan gbé e síbi tó móoru kó má baà kú. Kò sí ìkà níbẹ̀, Ọ̀gá.”

“Ta ni ẹnì kan?” Bàbá dìde. “Ta ló gbé òdòdó wọ inú ọgbà mi? Ta ló gbé àrùn wọ Ilé Kẹta?”

“Èmi ni, Bàbá,” Káfíńtà yára wí. “Mo ti jẹ́wọ́ fún wọn.”

“Ẹnu rẹ jẹ́wọ́,” Awòfín dá a lóhùn. “Àpò rẹ kò jẹ́wọ́.”

Ó fi ọwọ́ kan igi pẹlẹbẹ inú àpò kóòtù rẹ̀. Kò mú un jáde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ló ń wò, níbi tí mọ́kànlélógójì wà, tí òdo tẹ̀ lé e. Ní ìta, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó tòmátì tó kú jọ síbi tí wọn yóò ti sun wọ́n. Ìkòkò náà yóò bá wọn lọ, kò sí ọ̀nà míì. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá pa ìwé rẹ̀ dé. Ó dìde, ó lọ dúró ti ọkọ ọmọ rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọkùnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.”

“Ó tó, ọmọ mi. Ọjọ́ méjì tí mo fi dákẹ́ tí o wà nínú àtìmọ́lé, Ọlọ́run nìkan ló lè dárí rẹ̀ jì mí.” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá ọmọ mi, òun kọ́ ló jí kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo pè é nígbà tí mo rí òrùka lára ewé, tí àyà mi já, pé kó wá bá mi gbé e sálọ. Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ wa fi gbé òdòdó wá bá mi lẹ́yìn wáyà, ọdún mọ́kànlá ni mo fi pa òfin rẹ mọ́, tí mò ń sọ pé kó gbé e padà. Èyí tó kẹ́yìn, ojú fèrèsé ilé wọn ni mo ti bá a, ó ti kọ ọ́ sí i pé tèmi ni. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ fún mọ́ pé kó gbé e padà.” Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, bó ṣe máa ń pe iye kòkòrò ni ó pè é, ketekete, kí ẹni tó ń gbọ́ má baà ṣì í gbọ́. “Èmi ni mo gbé àrùn wọ Ilé Kẹta.”